Ohùn Já Lórí Ìtàgé, Ìlú Mẹ́rin Ṣì Ń Retí Wa: Kí Ni Ká Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, ni akọrin; èmi ni mò ń bá a ṣètò eré rẹ̀. Ìlú 6 la ti gba owó àsansílẹ̀: Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta. Ti Ìlọrin lọ dáadáa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, lágbègbè Under G, bó ṣe fẹ́ gbé ohùn sókè nínú orin kan báyìí, ohùn náà já lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dùn ún. Ó fi èyí tó kù kọrin fún bíi wákàtí kan sí i títí eré fi parí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ ti há, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní kẹ́mísìtì, ohùn sì là díẹ̀. A ti sún Ọ̀yọ́ síwájú, àmọ́ Ìbàdàn ku ọjọ́ 8. Màmá wa ní ayé ló gba ohùn ọmọ òun. Onílù wa ní kó máa jẹ orógbó. Agbátẹrù eré ní kó ṣáà wá máa yanu, pé àwọn á fi orin tó ti gbà sílẹ̀ gbè é. Mo tún gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń ṣe fún àwọn olórin òkè òkun. Ṣé ó lè kọrin ní Ìbàdàn? Ṣé ohùn rẹ̀ á padà? Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: nǹkan oṣù ń dà á láàmú lọ́jọ́ náà, ó lo ibuprofen kó tó gorí ìtàgé.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ká yín lára jù bẹ̀rẹ̀. Rárá, àbúrò yín ò gbọdọ̀ kọrin ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ lásán pàápàá, kó fi mọ́nú títí dókítà etí, imú àti ọ̀fun yóò fi fojú ara rẹ̀ wo inú gògóńgò rẹ̀. Ohùn tó já lójijì níbi tó ti ń gòkè, tí kò dunni, tó wá di afẹ́fẹ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti bẹ́ nínú tán-án-ná. Lẹ́tà ò tó ṣe àyẹ̀wò, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó. Àmọ́ títí wọ́n á fi wò ó, ẹ ṣe é bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ló dà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ka Yorùbá dé girama á rántí tán-án-ná nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè. Méjì ni wọ́n, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ nínú gògóńgò, ti obìnrin kì í sì í gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Bí a bá ń mí, wọ́n á lanu sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ fọhùn, wọ́n á pa dé, èémí tó ń bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró á sì máa gbọ̀n wọ́n jìnnìjìnnì. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tán-án-ná rẹ̀ ń pàdé ara wọn tó ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá wá gbé ohùn lọ sókè téńté, ó lè tó 800. Ká tiẹ̀ mú 400 láàárín méjèèjì, ká ní orin ìṣẹ́jú 4 ni, ká ní ìdajì rẹ̀ péré ló fi ń fọhùn: ìgbà 48,000 ni wọ́n ti gbára wọn nínú orin kan ṣoṣo. Kó tó kọ orin 20 lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti súnmọ́ mílíọ̀nù kan. Ohun tí ń ṣe iṣẹ́ tó báyìí, tí kò gùn tó ìdajì ìka ọwọ́, mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gba owó lórí ohùn ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n.

Abẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo tán-án-ná ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà. Bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀ tàbí tó ń lọ lọ́wọ́, àwọn iṣan yìí máa ń wú lára obìnrin mìíràn, wọ́n á sì tètè bẹ́. Ibuprofen ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni aspirin, bẹ́ẹ̀ náà ni diclofenac àti piroxicam tí àwọn obìnrin wa ń rà ní kẹ́mísìtì nítorí inú rírun. Ẹ wá fi igbe orí ìtàgé lé e. Gbólóhùn tí ẹ kọ gbẹ̀yìn nínú lẹ́tà yín, tí ẹ ní ẹ fẹ́ẹ̀ gbàgbé, òun ni mo kọ́kọ́ fa ìlà sí nídìí. Mi ò sọ ọ́ kí ọmọ náà lè máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Láti òní lọ, bí inú bá run ún lásìkò tí eré wà níwájú, paracetamol ni kó lò, kó sì sọ fún dókítà tó bá ń tọ́jú rẹ̀ pé akọrin ni òun.

Àìdunni yẹn ló ń tan àwọn akọrin jẹ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ á dúró nítorí ìrora. Tán-án-ná tí iṣan ẹ̀ bẹ́ kì í sábà dunni, ẹni náà á rò pé ìpè ló kàn yẹ̀, á tún fún ohùn náà jáde tagbáratagbára. Wákàtí kan tó fi kọrin lẹ́yìn tí ohùn ti já yẹn ló ń kọ mí lóminú ju jíjá ohùn fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sí abẹ́ awọ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ara á fà á mu. Èyí tí wọ́n bá ń gbá mọ́ ara wọn nígbà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè tún dà sí i, ó lè di kókó, ó lè fi àpá sílẹ̀ níbi tó yẹ kó máa rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀. Awọ tó bá ti ní àpá kì í gbọ̀n dáadáa mọ́. Ìyẹn la ń sá fún.

Abẹ́rẹ́ kẹ́mísìtì ńkọ́? Ẹ kò sọ orúkọ rẹ̀, bóyá wọn ò sọ ọ́ fún yín náà. Èyí tí wọ́n sábà máa ń gún fún ohùn tó há ni dexamethasone tàbí hydrocortisone. Ó ń mú ibi tó wú rọlẹ̀ ni, ohùn á sì là lóòótọ́. Iṣan tó bẹ́ ò tíì jiná o. Olórin á gbọ́ ohùn ara rẹ̀, inú ẹ̀ á dùn, á tún padà sórí ìtàgé lórí ọgbẹ́ tútù. Ìgbà kan wà tí àwa náà ń fún akọrin lóògùn yìí, àmọ́ lẹ́yìn tí a bá ti wo inú gògóńgò tí a sì rí i pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ ni. Kí wọ́n má gún un lábẹ́rẹ́ kejì. Ẹ padà lọ bá ẹni tó gún un, kí ẹ béèrè orúkọ oògùn náà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí dókítà á bi yín.

Láti Ọ̀yọ́, ẹ lè wá sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni LAUTECH níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sì lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí UCH ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá wà ní apá Ìlọrin, UITH wà fún un. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ tètè sọ fún wọn pé akọrin ni, pé ohùn já lójijì, kí wọ́n má kàn tò yín sẹ́yìn àwọn tí ikọ́ ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù àyẹ̀wò náà bà á. Wọ́n á fín omi oògùn kan tó korò sí i nímú, tí kò ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà wọ́n á ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí gba ihò imú rẹ̀ lọ sẹ́yìn ọ̀fun, á dúró sókè tán-án-ná, kò ní kàn án. Wọ́n á ní kó sọ pé "íííí", kó mí sínú, kó tún sọ ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tán-án-ná tí ara ẹ̀ le máa ń funfun, ó ń dán, omi ara díẹ̀díẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀, èjì náà á sì pàdé ara wọn gún régé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà, ọ̀kan á funfun, èkejì á pọ́n kankan, nígbà mìíràn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà rí i lójú ẹ̀rọ. Mo ti rí akọrin tí gbogbo ẹbí bẹ̀ títí kó dákẹ́ tí kò gbọ́. Ó rí ibi tó pọ́n yẹn, kò sì sẹ́ni tó tún bá a wí kó tó pa ẹnu mọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, tó ń jẹ́ kí a rí ìgbọ̀n tán-án-ná bí ẹni pé ó ń rọra ṣe é. Òun ló ń fi àpá àti kókó kéékèèké hàn. Tí kò bá sí, okùn oníná lásán náà tó láti rí ẹ̀jẹ̀.

Ìdákẹ́ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ìtọ́jú tó ga jù tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà. Ní ilé Yorùbá, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ọmọbìnrin kúnlẹ̀ níwájú àgbà tí kò fọhùn, wọ́n á ní ó ti ya aláfojúdi, pé orúkọ tó ní ló ń gùn ún. Màmá á pè é láti ilé ìdáná, kó tó rántí, "Mà!" á ti jáde lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n á gbàdúrà, á ṣe Àmín. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n lẹ máa ṣáájú lọ bá gbogbo àgbà ilé, kí ẹ ṣàlàyé pé dókítà ló ní kó má fọhùn, kí wọ́n gba ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bí ìkíni. Kó ní ìwé kékeré kan àti báírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kó máa kọ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp, kó má gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá pè é lórí fóònù, kí ẹlòmíràn gbé e.

Sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe ìdákẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún gògóńgò wọn pọ̀ tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Kó má máa ha ọ̀fun. Tó bá ṣe é bíi kó ha á, omi ni kó mu. Kó má gbé ẹrù wúwo, kó má pọn omi, kó má gún iyán, torí nígbàkigbà tí a bá fi agbára gbé nǹkan, tán-án-ná á fún ara wọn pa kí èémí má bàa jáde, ibi ọgbẹ́ náà ni wọ́n ti ń fún. Kó máa mu omi dáadáa. Tutù tàbí lílọ́wọ́ọ́rọ́, kò sí èyí tó ń ba ohùn jẹ́ nínú méjèèjì. Tó bá fẹ́ fi orí sókè omi gbígbóná kó máa fa ooru rẹ̀ símú, omi lásán ni, kí ẹ má fi àbónikì sí i.

Nípa ti màmá, ẹ má bá wọn jà rárá. Ọmọ wọn ni, ohùn ọmọ wọn sì lọ ní ìṣẹ́jú kan lójú gbogbo ayé; ìyá wo ni kò ní ronú ọ̀tá? Kí wọ́n máa gbàdúrà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀bẹ̀ ni pé kí wọ́n má mú un lọ síbi àdúrà àṣemọ́jú kan tí wọn á ti ní kó fi gbogbo agbára ké lé ọ̀tá lórí. Kó gbà á lọ́kàn. Ẹ tún fi inú àánú sọ fún wọn pé àyẹ̀wò kò tako àdúrà, pé ohun tí a bá rí nínú gògóńgò ni a ó mọ bí a ó ṣe tọ́jú.

Orógbó tí onílù yín sọ, ohun tí àwọn àgbà apohùn ń jẹ ni, mi ò ní bú u. Ó ń mú itọ́ sun, ọ̀fun á sì tutù. Àmọ́ ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí yàtọ̀ síra. Tán-án-ná wà ní ẹnu ọ̀nà èémí. Nígbàkigbà tí a bá gbé nǹkan mì, ìdérí kan á bo ẹnu ọ̀nà yẹn, tán-án-ná fúnra wọn á sì pa dé. Orógbó, oyin, ata ilẹ̀, àgbo, TomTom, kò sí ìkankan tó ń fara kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ dà sí. Bó bá tiẹ̀ ṣèèṣì débẹ̀, ikọ́ burúkú ló máa fà, ikọ́ la sì ń sá fún. Tó bá wù ú kó jẹ orógbó, kó jẹ ẹ́. Kó má wá tìtorí orógbó fọhùn; a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

Ẹ wá béèrè nípa àwọn olórin òkè òkun. Òótọ́ ni. Ní oṣù October 2011, Adele fagi lé gbogbo eré tó kù nínú ìrìnàjò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí ẹ̀jẹ̀ dà sínú tán-án-ná rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà, kò ju àbúrò yín lọ. Ní November, Dókítà Steven Zeitels ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Massachusetts General Hospital ní Boston, ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tó sì di February 2012 ó kọrin níbi ayẹyẹ Grammy, ó gba àmì ẹ̀yẹ 6 lálẹ́ ọjọ́ kan. Sam Smith náà já eré rẹ̀ ní Australia kúrú ní 2015 torí irú ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà, dókítà yẹn ló sì tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Meghan Trainor dá ìrìnàjò tirẹ̀ dúró. Àwọn wọ̀nyí lówó, wọ́n ní olùkọ́ ohùn, ilé iṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ iṣan tín-ín-rín bẹ́ fún wọn. Kí àbúrò yín mọ èyí, kó lè yé e pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ ló fà á.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn Adele kì í sábà fi kún un ni ti 2017. Alẹ́ mẹ́rin ló yẹ kó kọrin ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ méjì, ó fagi lé méjì tó kẹ́yìn, ti 1 àti 2 July, torí tán-án-ná rẹ̀ tún farapa. Iṣẹ́ abẹ tún ibi tó bàjẹ́ ṣe ni, kò sọ tán-án-ná di irin. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ sì léwu tirẹ̀: Julie Andrews, òṣèré àti akọrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe é ní New York ní 1997, ohùn orin rẹ̀ kò padà bó ṣe wà mọ́.

Nítorí náà, ẹ má tíì máa wá owó iṣẹ́ abẹ kiri. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó dà, tí wọ́n bá tètè dákẹ́, kì í béèrè ọ̀bẹ. Ìgbà tí kókó bá kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti lọ, tàbí tí iṣan kan náà bá ń bẹ́ léraléra, ni ọ̀rọ̀ abẹ ń wáyé. Wọ́n á fi oògùn mú un sùn, ẹnu ni wọ́n á gbà wọlé, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Wọn ò ní la ọrùn rẹ̀. Irú kókó mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, èyí tó ń yọ sí tán-án-ná méjèèjì lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún tí ẹnì kan ti ń fi ohùn ṣiṣẹ́ àṣejù, bí ọwọ́ ẹni tó ń roko ṣe máa ń yi. Olùkọ́, oníwàásù, ìyá ọlọ́jà tó ń polówó, gbogbo wọn ló ń ní in. Ẹ̀kọ́ ohùn lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ohùn la kọ́kọ́ fi ń tọ́jú ìyẹn. Bí dókítà bá rí i lọ́fun àbúrò yín tó sì fẹ́ sáré gbé ọ̀bẹ, ẹ lọ gbọ́ ti dókítà kejì.

Ọ̀rọ̀ agbátẹrù tó ní kó máa yanu lásán: kí ẹ sọ fún un pé ó tì. Mo mọ̀ pé owó wà ńlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti san àsansílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Àmọ́ akọrin tó bá dúró níwájú èrò tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ kì í lè yanu lásán. Ara á yá, ohùn á jáde, á kí èrò, á pe ìlù, kó tó mọ̀ ó ti kọ orin náà pẹ̀lú wọn. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà lọ́jọ́ àyẹ̀wò gan-an, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí agbátẹrù Ìbàdàn, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹ ní ẹ fẹ́ sún un síwájú, kí ẹ má lo ọ̀rọ̀ "a ò ṣe mọ́". Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba owó wọn padà ṣá, ẹ jọ jókòó wo ohun tí àdéhùn sọ nípa àìsàn. Tí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ rí i dájú pé ó wà nínú gbogbo ìwé tí ẹ ó bá tún fọwọ́ sí. Ẹ sọ òótọ́ fáwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Adele fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ṣe é, wọ́n sì dúró dè é. Ẹ̀yin tí ẹ bá dákẹ́, òfófó á bá yín sọ ọ́: wọ́n á ní oyún ni, wọ́n á ní ẹ jẹ owó.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin gan-an sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n, torí ẹ̀yin lẹ ń ṣètò. Ìlú 6 tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn nìkan kọ́ ni ohùn rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìdánrawò sí i. Ẹ fi rédíò tí ẹ mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ eré sí i, àti ọ̀rọ̀ tó ń bá èrò ọkọ̀ sọ nígbà tí ọkọ̀ ń dún. Tó bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ẹ fi ìsọjí alẹ́ Friday àti ìsìn Sunday sí i. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ìlù tó bo etí rẹ̀ lórí ìtàgé náà ńkọ́? Ẹni tí kò bá gbọ́ ara rẹ̀ á gbé ohùn sókè láìmọ̀. Ó ṣòro kó tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Nínú gbogbo ohun èlò tí ẹ ń yá, sípíkà tó kọjú sí akọrin, tó ń jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé kí ẹ tó ronú iná aláràbarà. Lásìkò ọyẹ́ ó tún burú sí i: erukú ilẹ̀ wa níbí àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ á ti mú tán-án-ná gbẹ kó tó gorí ìtàgé.

Àwọn apohùn wa mọ ọ̀nà kan tí eré ìgbàlódé ti gbé jù sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni Ògúndáré Fọ́yánmu ti wá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ìjálá tí ohùn wọn kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ tẹ́tí sí bí eré ìjálá ṣe ń lọ. Ẹni tó ń sun ún á sun ún débì kan, á dá orin, àwọn elégbè á gbà á, ìlù á gba tirẹ̀, ẹsẹ̀ á dé sí i. Gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tó ń sun ìjálá ń sinmi. Akọrin ìgbàlódé ń dá lé, ó ń dá gbè, ó sì tún ń pariwo kí èrò gbọ́wọ́ sókè láàárín orin méjì. Ẹ wá elégbè méjì tó dáńtọ́ fún ọmọ yìí. Kí wọ́n gba àwọn ibi tó ga jù nínú ègbè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí onílù tó fẹ́ràn rẹ̀ tó fi ń ra orógbó fún un gba ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta fi lùlù láàárín eré, kí àbúrò yín fi mu omi.

Ẹ bi mí bóyá ohùn rẹ̀ á padà. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dà, tó sì dákẹ́ láti òní, ìrètí pọ̀ dáadáa. Tí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá pé, kí wọ́n tún wo inú gògóńgò náà kó tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kó má fi etí ara rẹ̀ dá a mọ̀. Tí ó bá ti funfun, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wákàtí kan, á máa fi kún un lójoojúmọ́. Orin rírọlẹ̀ á tẹ̀ lé e, kíkùn ni ó kọ́kọ́ máa kùn ún. Ibi tí ohùn ti já yẹn ni kó kàn gbẹ̀yìn, ẹ sì jẹ́ kí onílù yín sọ orin náà kalẹ̀ ní ìpele kan tàbí méjì títí ayé bó bá nílò rẹ̀. Èrò ò ní mọ̀. Mi ò ní fún yín ní déètì eré kankan tó bá sún mọ́ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ láti òní, tí iṣẹ́ abẹ bá sì wọ̀ ọ́, ẹ ka oṣù mẹ́ta. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ fi Ọ̀yọ́ ṣáájú, níbi tó ti lè sùn nílé ara rẹ̀ lẹ́yìn eré: orin 6 tàbí 7, àwọn elégbè lẹ́yìn rẹ̀, kò sí rédíò lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí dókítà wo ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tẹ ìwé ìpolówó ti Ìbàdàn.